Owó Ìṣẹ́jú Márùn-ún Kì í Ṣe Ìrànlọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ kan ti gbilẹ̀ láàárín wa débi pé ẹni tó bá ta kò ó máa ń dà bí ọ̀tá àwọn ọ̀dọ́. Ẹ ó gbọ́ ọ ní Old Garage, ní Òṣogbo: lẹ́nu awakọ̀ tó ń pe èrò Iléṣà, lẹ́nu ọlọ́kadà tó ń wá owó táyà, lẹ́nu ọmọbìnrin tó ń ta ìbòrí fóònù, lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN tí onílé ń yọ lẹ́nu. Wọ́n ní áàpù ayánilówó ti gba ọ̀dọ́ lọ́wọ́ ìtìjú. A kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n tó máa fi ẹnu wọ́ni nílẹ̀ kó tó fúnni lówó mọ́. A kì í bá báńkì fa ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀ mọ́ nígbà tí a kò ní ilẹ̀. Tẹ fóònù, kọ nọ́ńbà BVN sí i, kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, owó ti wọlé.

Àwọn aláṣẹ náà ti gbè é lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ilé-iṣẹ́ CREDICORP dìde ní 2024, èrò tí wọ́n gbé síwájú ni pé kò sí orílẹ̀-èdè òde òní tí ọrọ̀ ajé rẹ̀ lè rọ́wọ́ mú láìjẹ́ pé aráàlú ń rí nǹkan rà láwìn. Àwọn oníròyìn gbà á bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà gbà á bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba àgbàlagbà tí kò gbà á kì í bá ayánilówó wí. Ọmọ tó yá a ni wọ́n ń bá wí. Wọ́n ní ojúkòkòrò ló ń dà á láàmú.

Mo lòdì sí àwọn méjèèjì. Kì í ṣe àìrí owó yá ló ń pa àwọn ọ̀dọ́ wa lára. Owó tí wọ́n ń rí yá gan-an ló ń pa wọ́n lára. Bí ẹnì kan bá yá ọ lówó láìbéèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, tí kò fún ọ ní àkókò tí o lè fi owó náà pa èrè, tó wá gba orúkọ rẹ àti ti àwọn èèyàn rẹ pamọ́ bí ohun ìdógò, kò ràn ọ́ lọ́wọ́. Òwò ló ń ṣe, wàhálà rẹ ló sì fẹ́ jẹ lérè.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó, nítorí pé ìṣirò ni àwọn áàpù yìí kò fẹ́ kí ọmọ jókòó ṣe. Ká ní ọmọ kan yá ₦20,000. Èyí tó burú nínú wọn á kọ́kọ́ yọ ₦6,000, á pè é ní owó iṣẹ́ àti èlé, ₦14,000 ni yóò dé ọwọ́ ọmọ. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé, ₦20,000 ló gbọ́dọ̀ san. Ó ti san ₦6,000 lórí ₦14,000, èyí tó jẹ́ bí ìdá mẹ́tàlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún, láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá péré. Bí kò bá rí gbogbo rẹ̀ san, tó wá ń san ₦6,000 yẹn lọ́sẹ̀ méjì-méjì kí wọ́n lè bá a sún ọjọ́ síwájú, kí ọdún tó yí po á ti san ₦156,000, gbèsè tó yá á ṣì wà níbẹ̀ digbí. Àwọn baba wa mọ irú olówò bẹ́ẹ̀. Ṣógúndogójì ni wọ́n ń pè é, kò sì sẹ́ni tó kà á mọ́ àwọn aláàánú ìlú.

Òwò wo ló wà ní Old Garage tó ń mú ìdá mẹ́tàlélógójì wá lọ́sẹ̀ méjì? Kì í ṣe òwò ìbòrí fóònù, kì í ṣe búrẹ́dì, kì í ṣe ọ̀kadà tí epo ti gba ìdajì owó tó pa. Kò sí iṣẹ́ tó mọ́ tó lè gbé irú èlé bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ á lọ yá owó nínú áàpù kejì láti san ti àkọ́kọ́, á yá ti ẹ̀kẹta láti san ti ẹ̀kejì, títí gbogbo ohun tó ń pa lóòjọ́ á fi di ti àwọn tí kò mọ̀ rí. Àwọn tó ṣe áàpù yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo oníbàárà bá san lọ́jọ́ tó yẹ, tí wọn kò sì padà wá mọ́, òwò wọn á dákú. Ẹni tó ń pẹ́ san, tó ń padà wá, tó ń fi gbèsè san gbèsè, òun gan-an ni oníbàárà gidi tí wọ́n ń wá.

Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í béèrè ohun tó ń wọlé fún un. Ẹni tó bá fẹ́ kí owó òun padà wá láti inú iṣẹ́ ẹni tó yá a á wádìí iṣẹ́ náà. Áàpù kò wádìí rẹ̀, nítorí pé kì í ṣe iṣẹ́ ló gbójú lé. Fóònù ló gbójú lé. Ọjọ́ tí ọmọ tẹ ibi tí wọ́n ní kó tẹ̀, ó ti kó nọ́ńbà ìyá rẹ̀ fún àjèjì, àti ti pásítọ̀ tàbí àáfà rẹ̀, ti ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ti àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ti ọ̀rẹ́ tí wọn kò tíì sọ̀rọ̀ láti ilé ìwé girama. Bó bá fi ọjọ́ kan pẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sórí gbogbo fóònù wọ̀nyẹn: olè ni, gbájúẹ̀ ni, ẹ bá wa mú un. Àwọn mìíràn á fi fọ́tò rẹ̀ ṣe ìkéde òkú, nígbà tó ṣì ń mí.

Èyí kì í ṣe àhesọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA tó ń bójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ bu owó ìtanràn ₦10 mílíọ̀nù lé ilé-iṣẹ́ Soko Lending lórí, nítorí bó ṣe tú àṣírí àwọn oníbàárà rẹ̀ fáyé. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà, tí Babatunde Irukera ń darí nígbà náà, kó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mìíràn dání, wọ́n sì ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó orí fóònù ní Ìkẹjà, l'Ékòó. Ẹ̀sùn tó gbé wọn dé ibẹ̀ ni èlé tó pọ̀ jù àti ìdójútini. Bí nǹkan wọ̀nyí bá jẹ́ àṣìṣe òṣìṣẹ́ kan tàbí méjì, ọ̀rọ̀ náà kò ní dé ibẹ̀. Ìtìjú ni irinṣẹ́ òwò náà, gẹ́gẹ́ bí àwọ̀n ṣe jẹ́ irinṣẹ́ apẹja.

Àwọn kan á bi mí pé: ṣé àwọn baba wa kò yá owó ni? Wọ́n yá a. Kò jìnnà sí Òṣogbo níbí, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwìn gan-an ló sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di olówó. Àwọn òṣómàáló gbé aṣọ láti abúlé dé abúlé, wọ́n tà á láwìn, wọ́n sì ń padà lọ gba owó wọn díẹ̀díẹ̀. Òṣómàáló kì í ṣe ẹni ìrọ̀rùn rárá: á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè, kò sì ní dìde títí owó rẹ̀ á fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Síbẹ̀ òwò yẹn kọ́lé ní Iléṣà, ó sì rán ọmọ lọ sílé ìwé. Mi ò lè sọ pé àwìn burú, mi ò sì sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ohun tó wà nínú àwìn yẹn tí kò sí nínú ti òní. Òṣómàáló mọ oníbàárà rẹ̀ lójú, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó mọ ìgbà tí owó ń wọlé fún un. Bó bá gbé aṣọ fún ẹni tí kò lè san, òun fúnra rẹ̀ ló pàdánù. Ìdí nìyẹn tó fi ń yẹ ènìyàn wò kó tó tú ẹrù. Iye tí wọ́n dá lé aṣọ náà ni wọ́n ń san. Bó bá sì wá lóṣòó, òun gan-an ló lóṣòó, lójúkojú. Aládùúgbò lè bá a sọ̀rọ̀, baálé lè bẹ̀ ẹ́ pé kó fún ọmọ náà ní ọjọ́ ọjà méjì sí i. Àní ológò tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú The History of the Yorubas, ìwé tó jáde ní 1921, ẹni tí wọ́n ń rán wọ ilé ajigbèsè láti pariwo, kó sì gbá adìẹ tàbí ewúrẹ́ tó bá rí mú, agboolé kan ni ariwo rẹ̀ mọ. Ìwọ̀fà ńkọ́? Ìyà ni, ó sì dára bó ṣe kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìyà yẹn náà, iṣẹ́ ọwọ́ ìwọ̀fà ni èlé. Iye tí wọ́n yá kì í wú sí i lóru.

Áàpù ju gbogbo ohun tó ń dáàbò bo ajigbèsè nù: ìmọ̀, àkókò, òdiwọ̀n, àti ẹni tí a lè bẹ̀. Ìtìjú nìkan ló mú nínú ogún àwọn baba wa, ó sì fẹ̀ ẹ́ títí ó fi kárí gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù. Ẹni tó bá wá ń pe èyí ní ìlọsíwájú, kó tún un wò.

Wọ́n tún ní gbogbo ayé ló ń jẹ gbèsè. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí ni gbogbo ayé gbà láyè. Ní Britain, níbi tí òwò ẹ̀yáwó títí owó oṣù fi máa wọlé ti gbilẹ̀ ṣáájú tiwa, àwọn èèyàn jìyà rẹ̀ títí ìjọba fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Láti ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 2015, àjọ FCA tó ń ṣọ́ àwọn olówò owó níbẹ̀ pàṣẹ pé èlé àti owó iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lójúmọ́, àti pé, bó ti wù kí gbèsè pẹ́ tó, ohun tí ayánilówó máa gbà lé orí owó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju iye tó yáni lọ. Wonga, tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú àwọn olówò náà, wó lulẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2018. Ẹ fi òṣùwọ̀n yẹn wọn ₦14,000 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan: ₦112 lójúmọ́, ₦1,568 fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọmọ tiwa ń san ₦6,000. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún wa kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ rẹ̀.

Mo wá kọjú sí àwọn àgbàlagbà tó ń sọ̀rọ̀ ojúkòkòrò. Òótọ́ ni pé àwọn kan ń yá owó láti ra fóònù olówó ńlá. Òótọ́ ni pé àwọn kan ń fi í ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, wọ́n sì ń fi gbèsè lé èyí tí wọ́n pàdánù. Ẹ bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń yá ọmọ bẹ́ẹ̀ lówó láago méjì òru, láìbéèrè nǹkan kan, alábàápín ni. Ẹ sì jẹ́ ká rántí ilé tí àwọn ọmọ yìí ti jáde. Láti 2015 títí wọ 2018, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ń san àbọ̀ owó oṣù fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ìgbà náà ti lé lógún ọdún báyìí. Inú ilé tí bàbá ti ń fi gbèsè jẹun, tí ìyá ti ń ra ìrẹsì láwìn, ló dàgbà sí. Ní 2023, owó ìrànwọ́ epo kúrò, owó ọkọ̀ sì fò sókè. Ní 2024, owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń ta ọjà fún ọlọ́jà kò sì tíì fojú rí iye yẹn. A kò lè san owó tí kò gbé ènìyàn dé ìparí oṣù, ká wá máa pe ẹni tó yá àfikún ní olójúkòkòrò. Gbèsè ló ń bò ó mọ́lẹ̀ fún wa pé owó iṣẹ́ kò tó.

Àwọn mìíràn ní kí n fara balẹ̀, wọ́n ní òfin ti dé. Mo kí àwọn tó ṣe é. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, FCCPC gbé ìlànà ìforúkọsílẹ̀ jáde fún àwọn ayánilówó orí fóònù. Ní 2023, Google ní áàpù tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò ní sí lórí Play Store ní Nàìjíríà mọ́, ó sì fòfin de kíka nọ́ńbà inú fóònù ẹni tó yá owó. Ní 2025, FCCPC tún gbé òfin tuntun kalẹ̀, tí ìtanràn rẹ̀ lè dé ₦100 mílíọ̀nù. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n áàpù tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà iwájú ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, lórí líǹkì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pẹ̀lú orúkọ tuntun. Yàtọ̀ sí èyí, bí wọ́n bá tilẹ̀ dákẹ́, tí wọn kò bú ẹnikẹ́ni mọ́, tí wọ́n ṣì ń gba ₦6,000 lórí ₦14,000, wọ́n ṣì ń ja ọmọ lólè ni, ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n kàn ń fi jà á.

Àtakò kan kù tó lágbára ju gbogbo èyí lọ. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ wà nílé ìwòsàn, tí wọ́n ní kó mú ₦14,000 wá kó tó di alẹ́, kí ni kó ṣe? Ẹ̀gbọ́n kò gbé ìpè, báńkì kò mọ̀ ọ́n, alájọ àdúgbò ti sá lọ lọ́dún tó kọjá. Ṣé kó máa wo ìyá rẹ̀ ni? Rárá. Kó yá a, kó gba ìyá rẹ̀ là. Mi ò ní bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jà láé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dá áàpù láre. Ohun tó fi hàn ni pé ìlú tó yí i ká ti já a kulẹ̀ kí áàpù tó dé. Ẹni tó ń ta omi fún ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, tó sì ń tà á ní iye tó wù ú, kò lè sọ pé òun ni panápaná. Àwọn ìyá wa nínú ọjà ti kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀yáwó ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sọ ní gbọ́múléláńtà. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ fi bó ṣe jó wọn lára tó hàn.

A ní ohun tó sàn jù, a kàn pa á tì ni. Ọmọ tó bá ń dá ₦500 lójúmọ́ fún alájọ, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, ₦15,000 ló ti dá. Owó ọjọ́ kan, ₦500, ni alájọ mú. ₦14,500 wà lọ́wọ́ ọmọ, kò jẹ ẹnikẹ́ni. Ó ju ohun tí áàpù kó fún un lọ, láìsí ₦6,000, láìsí ìkéde òkú. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ náà wà: ẹni tó ti fi owó pamọ́ síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan lè yá jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú onídùúró, pẹ̀lú èlé tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mọ̀, èrè náà sì ń padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn. Ìjọba pàápàá mọ bí ẹ̀yáwó rere ṣe rí. Owó tí àjọ NELFUND ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti 2024 kò ní èlé, ẹni tó yá a kò sì ní bẹ̀rẹ̀ sí í san án títí ọdún méjì á fi kọjá lẹ́yìn tó bá sìnlú tán. Èlé òdo, àkókò gbọọrọ: wọ́n mọ̀ ọ́n. Kí ló dé tí wọ́n fi gbà kí ọmọ ilé ìwé kan náà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń fún un ní ọjọ́ mẹ́rìnlá?

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀gbọ́n, apá kan nínú ẹ̀bi yìí wà lọ́rùn wa. Ọmọ tó ń sá fún ẹnu wa nínú yàrá ló bá ẹ̀sín pàdé nínú ọjà. Bó bá wá tọrọ ₦10,000, tí a fi wákàtí kan ka gbogbo àṣìṣe rẹ̀ láti kékeré sí i létí, kò ní padà wá mọ́. A ní ikú yá ju ẹ̀sín. Òwe náà dára fún ẹni tó ń ronú láti hùwà ìbàjẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ń fi gbèsè ₦20,000 bà lórúkọ jẹ́ kò hu irú ìwà bẹ́ẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó fi òwe yẹn pa ara rẹ̀ lára. Bí irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wọlé sórí fóònù yín, ẹ má ṣe fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ pe ọmọ náà, ẹ bi í pé ṣó ti jẹun, kí ẹ tó béèrè iye tó jẹ. Ẹni tó fọ́ orúkọ ọmọlọ́mọ sáfẹ́fẹ́ ni kí ojú tì.

Mi ò ní kí ajigbèsè má san. Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Kó san ohun tó gbà, pẹ̀lú èlé tó bójú mu. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí òfin Nàìjíríà fi nọ́ńbà kan pàtó dé èlé lórí, bí Britain ti ṣe, kí gbèsè kankan má ṣe ju ìlọ́po méjì lọ láéláé. Kí ayánilówó tí kò bá lè fi hàn pé òun wádìí ohun tó ń wọlé fún oníbàárà pàdánù èlé rẹ̀. Kí àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀, ọlọ́kadà àti oníṣòwò ní Old Garage, tí wọ́n ń já tíkẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́, ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó náà sínú àpò pàjáwìrì tí ọmọ ẹgbẹ́ lè yá láìsí èlé nígbà àìsàn. Owó náà kò jìnnà. Ojoojúmọ́ ló ń gba ọwọ́ wọn kọjá.

Ìwọ ọ̀dọ́, kí o tó tẹ fóònù yẹn, ka iye tó máa dé ọwọ́ rẹ gan-an, ka iye tí o máa san, kí o sì ka ọjọ́ tó wà láàárín wọn. Bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò bá lè pa ìyàtọ̀ náà láàárín ọjọ́ yẹn, owó náà kì í ṣe tìrẹ, bó ti wù kó tètè wọlé tó. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣàkóso wa, ẹ yé kí ara yín kú iṣẹ́ nítorí pé ọmọ ń rí gbèsè jẹ. Ìgbà tí ọmọ bá lè ṣiṣẹ́ oṣù kan, kó fi owó rẹ̀ jẹun dé ìparí oṣù náà láìyá kọ́bọ̀, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó sọ pé ẹ ràn án lọ́wọ́.